Bí a ṣe ń fi ojú tẹlifíṣọ̀n wéra kí a tó rà á: ìtọ́sọ́nà fún ará Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀

Láàárín àwọn tí ń gbé tẹlifíṣọ̀n wá bá mi ní ìsọ̀ àtúnṣe mi ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní ilẹ̀ Benin, ọ̀pọ̀ ni ẹ̀rọ wọn kò bàjẹ́ rárá. Ohun tí ó ń dùn wọ́n ni pé àwòrán tí wọ́n rí lọ́dọ̀ ẹni tí ó tà á kọ́ ni wọ́n ń rí nínú ilé wọn. Wọ́n kọ LED sí ara páálí, tàbí QLED, tàbí 4K, tàbí HDR, owó sì ti jáde lápò nítorí àwọn lẹ́tà wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ara páálí kọ́ ni ojú ń wò, ìmọ́lẹ̀ ni. Nítorí náà, ìbéèrè méjì péré ni mo fi ń wọn ojú tẹlifíṣọ̀n èyíkéyìí: níbo ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti ń wá, báwo ni ó sì ṣe ń ṣe òkùnkùn? Ẹni tí ó bá mọ ìdáhùn sí méjèèjì yóò lè fi tẹlifíṣọ̀n kan wé èkejì, ì báà jẹ́ tuntun láti Dantokpa ní Kútọnu, ì báà jẹ́ tòkúnbọ̀ tí ó ti ilẹ̀ Faransé dé, ì báà sì jẹ́ èyí tí wọ́n gbé gba Igolo wọlé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ́kọ́ wo yàrá yín

Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ dúró sí ibi tí tẹlifíṣọ̀n yóò wà, kí ẹ sì wo ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán tí ń wọ ibẹ̀. Pálọ̀ tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí tẹlifíṣọ̀n, tàbí ìsọ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní ṣíṣí sí títì láti àárọ̀ di alẹ́, ń fẹ́ ojú tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lágbára. Yàrá tí a ti ń pa iná kí a tó wo fíìmù lálẹ́ ń fẹ́ ojú tí ó mọ bí a ti ń ṣe òkùnkùn. Ó ṣọ̀wọ́n kí ojú kan náà tó ṣe méjèèjì dáadáa láìjẹ́ pé owó rẹ̀ ga.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tí àwọn ènìyàn ń jókòó sí. Nínú agbo ilé wa ní Kétu, bí bọ́ọ̀lù bá ń lọ lọ́wọ́, ẹni méjì tàbí mẹ́ta ni ó máa ń kọjú sí tẹlifíṣọ̀n gan-an. Àwọn yòókù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, lẹ́nu ọ̀nà àti lójú fèrèsé. Àwọn tí wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn ni kí ẹ máa rò, nítorí irú ojú kan wà tí àwọ̀ rẹ̀ máa ń ṣí bí a bá ti kúrò níwájú rẹ̀ díẹ̀.

Ẹ mú téèpù ìwọ̀n, kí ẹ sì wọn láti orí àga dé ara ògiri. Ínǹṣì tí a fi ń pe tẹlifíṣọ̀n, èyí tí àwọn òǹtajà wa ń pè ní pouce, ni gígùn ojú rẹ̀ láti igun òkè kan dé igun ìsàlẹ̀ òdìkejì. Ínǹṣì kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.54, ìyẹn ni pé ínǹṣì 32 jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 81, 43 jẹ́ 109, 55 sì jẹ́ 140. Àmì kéékèèké tí ó para pọ̀ di àwòrán ni à ń pè ní píksẹ́lì. Full HD ní 1920 ní ìbú àti 1080 ní ìdúró. 4K ní 3840 ní ìbú àti 2160 ní ìdúró, èyí tí ó jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti Full HD lápapọ̀. Ìlọ́po mẹ́rin yìí dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ojú ènìyàn ní ààlà. Bí ẹ bá jókòó jìnnà ju nǹkan bíi mítà 1.7 lọ sí tẹlifíṣọ̀n ínǹṣì 43, tàbí ju mítà 2.2 lọ sí ti ínǹṣì 55, ojú tí ó dá ṣáṣá pàápàá kì í lè ya píksẹ́lì Full HD kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì mọ́. Bí àga yín bá wà ní mítà mẹ́ta sí ínǹṣì 43, owó tí ẹ fi kún un nítorí 4K nìkan kò ní hàn sí yín. Mo máa ń rọ oníbàárà mi pé kí ó fi owó yẹn ra ojú tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sàn jù.

Ọ̀rọ̀ iná ni ó kù. Ẹni tí ó wà lórí iná SBEE, ilé iṣẹ́ mànàmáná Benin, láàárín ìlú lè yan bí ó ti wù ú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà ní abúlé kan lẹ́bàá Ṣábẹ̀, tí ó jẹ́ pé pánẹ́ẹ̀lì oòrùn àti bátìrì ni ó ń lò, gbọ́dọ̀ ka iye wáàtì kí ó tó ka ohun mìíràn. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, LCD kékeré (irú tí a ó ṣàlàyé nínú ìgbésẹ̀ kejì) tí ń ṣiṣẹ́ tààrà lórí bátìrì fóòtì 12 ni mo gbà á ní ìmọ̀ràn, kò sì pọn dandan kí ó ka àwọn orúkọ yòókù.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá

Ìdílé méjì ni àwọn tẹlifíṣọ̀n tuntun tí ó wà lọ́jà wa lónìí pín sí. Nínú ìdílé kan, àtùpà wà lẹ́yìn, ohun kan sì wà níwájú àtùpà náà tí ń ṣí tí ń tì bí aṣọ fèrèsé. Nínú ìdílé kejì, kò sí àtùpà kankan lẹ́yìn, nítorí pé píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ni àtùpà ara rẹ̀.

Ìdílé àkọ́kọ́ ni LCD. Friedrich Reinitzer, ọmọ ilẹ̀ Austria tí ó jẹ́ onímọ̀ ewéko, ni ó kíyè sí kírísítálì olómi ní ọdún 1888: ohun tí ń ṣàn bí omi, síbẹ̀ tí inú rẹ̀ tò létòlétò bíi kírísítálì. Bí iná bá kàn án, ó ń yí ìdúró rẹ̀ padà, ìyípadà yẹn ni a sì fi ń dínà ìmọ́lẹ̀ tàbí kí a jẹ́ kí ó kọjá. Níwájú rẹ̀ ni a to àwọ̀ pupa, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ búlúù sí fún píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan. Àtùpà ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ọ̀pá iná tín-ín-rín ní ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a fi LED rọ́pò rẹ̀. LED búlúù, tí Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura gba Ẹ̀bùn Nobel ti físíìsì fún ní ọdún 2014, ni ó jẹ́ kí LED funfun ṣeé ṣe. Nítorí náà ni mo ṣe ń tẹnu mọ́ ọn fún gbogbo ẹni tí ó bá bi mí: tẹlifíṣọ̀n tí a kọ LED sí lára páálí, LCD ni. LED jẹ́ orúkọ àtùpà ẹ̀yìn rẹ̀; kì í ṣe orúkọ ojú rẹ̀.

Inú òkùnkùn ni àléébù LCD ti ń hàn. Aṣọ fèrèsé, bó ti wù kí ó nípọn tó, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ yóò máa yọ́ kọjá. Mo ní fídíò alẹ́ Èfẹ̀ kan tí mo gbà ní Kétu, ní òru tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yóò jáde ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ojú ọ̀run dúdú kirikiri, orí àwọn èrò ń hàn fírífírí, iná kan ṣoṣo ni ó tàn sí ère orí Èfẹ̀ àti aṣọ rẹ̀. Lórí LCD olówó pọ́ọ́kú, ojú ọ̀run alẹ́ yẹn máa ń rí bí eérú, igun ìsàlẹ̀ méjèèjì á sì máa mọ́ bí ẹni pé ilẹ̀ fẹ́ mọ́. Lórí ojú tí ó dára, òru yẹn dúdú bí mo ti bá a lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà tí mo ti gba fídíò yìí ni mo ti ń fi í yẹ tẹlifíṣọ̀n wò, n kò sì tíì rí ohun tí ó sàn jù ú lọ fún iṣẹ́ náà.

Aṣọ fèrèsé LCD tí ó wọ́pọ̀ jẹ́ irú méjì, VA àti IPS, ìyàtọ̀ wọn sì tóbi ju ìyàtọ̀ àwọn orúkọ ara páálí lọ. VA ń dínà ìmọ́lẹ̀ dáadáa. Bí a bá fi ibi tí ó funfun jù lójú rẹ̀ wé ibi tí ó dúdú jù, ìmọ́lẹ̀ ti àkọ́kọ́ sábà máa ń tó ìlọ́po 3000 ti èkejì tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí ti IPS sábà máa ń wà ní nǹkan bí 1000. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kúrò níwájú VA sí ẹ̀gbẹ́, pupa rẹ̀ á ṣí, dúdú rẹ̀ á di eérú. IPS, tí ilé iṣẹ́ Hitachi ti Japan mú jáde ní ọdún 1996, kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà bí a bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Nítorí náà, IPS ni mo ń yàn fún agbo ilé tí èrò pọ̀ sí, VA sì ni mo ń yàn fún ẹni tí ń dá jókòó wo fíìmù lóru. Wọn kì í sábà kọ èyíkéyìí nínú méjèèjì sí ara páálí, ojú yín ni yóò sọ fún yín nígbà ìdánwò.

Bí àtùpà ṣe tò lẹ́yìn náà ṣe pàtàkì. Nínú àwọn kan, etí ojú náà nìkan ni a to LED sí, ìmọ́lẹ̀ náà sì ń tàn kálẹ̀ láti ibẹ̀. Irú èyí máa ń fẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ máa ń mọ́ ju àárín lọ. Nínú àwọn mìíràn, a to LED sí gbogbo ẹ̀yìn. Èyí tí ó dára jù nínú wọn pín LED sí agbègbè, tí agbègbè kan lè kú nígbà tí èkejì ń tàn, kí ibi tí ó yẹ kí ó dúdú lè dúdú. Mini-LED, tí TCL gbé wá sínú tẹlifíṣọ̀n ní ọdún 2019, jẹ́ ìtẹ̀síwájú èyí: LED rẹ̀ kéré púpọ̀, wọ́n sì lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lágbára débi pé oòrùn ọ̀sán kì í tètè borí rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé bí lẹ́tà funfun bá wà láàárín òkùnkùn, ìmọ́lẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ máa ń yí i ká bí òwú, nítorí agbègbè kan ṣì tóbi ju lẹ́tà kan lọ.

QLED kò kúrò nínú ìdílé yìí. Lẹ́tà Q dúró fún quantum dot, hóró kírísítálì tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nánómítà mélòó kan lọ, tí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ lé bí ó ti tóbi tó: àwọn tí ó tóbi díẹ̀ ń yọ pupa, àwọn tí ó kéré sí wọn ń yọ àwọ̀ ewé. Moungi Bawendi, Louis Brus àti Alexei Ekimov gba Ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì lórí rẹ̀ ní ọdún 2023. Ó ń jẹ́ kí pupa pọ́n gan-an, kí àwọ̀ ewé sì tutù yọ̀yọ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún fídíò Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ọ̀sán, níbi tí aṣọ àti ère alárànbarà ti ń dán nínú oòrùn. Àmọ́ àtùpà ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Nípa òkùnkùn, bí LCD abẹ́ rẹ̀ bá ti rí ni òun náà yóò ṣe rí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣi lẹ́tà Q àti lẹ́tà O mú fún ara wọn nínú ìsọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á dáadáa kí ẹ tó sanwó.

OLED ni ìdílé kejì. Ching Tang àti Steven Van Slyke ni wọ́n fi ọ̀nà rẹ̀ hàn ní ilé iṣẹ́ Kodak ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1987. Sony ta tẹlifíṣọ̀n OLED ínǹṣì 11 ní ọdún 2007, ní ọdún 2013 sì ni LG mú ti ínǹṣì 55 dé ọjà. Ohun èlò oníkábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ máa ń tàn fúnra rẹ̀ bí iná bá gba inú rẹ̀ kọjá, bí iná kò bá sì wọ inú píksẹ́lì kan, píksẹ́lì yẹn ti kú pátápátá nìyẹn. Òkùnkùn rẹ̀ kò ní eérú kankan. Ẹni tí ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ń rí ohun tí ẹni iwájú ń rí, bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá sókè kì í sì fa ìrù lẹ́yìn, nítorí píksẹ́lì rẹ̀ ń yí padà kíákíá ju ti LCD lọ fíìfíì. Láti ọdún 2022 ni a ti ń rí èyí tí ó da quantum dot pọ̀ mọ́ OLED, tí wọ́n ń pè ní QD-OLED. Nínú gbogbo èyí tí ènìyàn lè rà sílé, n kò rí èyí tí àwòrán alẹ́ rẹ̀ tó ti ìdílé yìí.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ilé ni mo ń sọ fún pé kí ó ra OLED. Ìyá kan tí ń ta aṣọ ní Àjàṣẹ́ níhìn-ín gbé tirẹ̀ wá bá mi. Láti àárọ̀ tí ó bá ti ṣí ìsọ̀ títí di ìgbà tí ó bá tì í, ìkànnì ìròyìn kan náà ni ó wà níbẹ̀. Nígbà tí mo gbé àwòrán funfun sí i, ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ìròyìn máa ń gbà kọjá nísàlẹ̀ hàn gbangba bí ilà ojú, àmì ìkànnì náà sì hàn ní igun òkè. Bí píksẹ́lì OLED bá ti ń tàn ní ibì kan náà lójoojúmọ́ ni ó ń gbó ju àwọn yòókù lọ, ohun tí ó bá sì ti gbó kò ṣeé sọ di ọ̀tun. Mo ní láti sọ fún ìyá náà pé kò sí ohun tí ọwọ́ mi lè ṣe sí i. Ìsọ̀, ilé oúnjẹ, yàrá ìdúró ilé ìwòsàn àti ibi gbogbo tí ìkànnì kan kì í yí, LCD ni kí wọ́n lò.

Ohun mìíràn tún wà tí ó kan àṣà wa gan-an. Lẹ́yìn tí a bá ti wo OLED fún wákàtí bíi mẹ́rin, ó máa ń dúró de ìgbà tí a ó fi rìmóòtù pa á, kí ó lè fi ìṣẹ́jú díẹ̀ tún píksẹ́lì rẹ̀ ṣe láìsí àwòrán lójú. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n kọ́ ní kékeré pé bí a bá fẹ́ sùn, kí a yọ gbogbo ohun tí ó wà lára iná. Ìwà rere ni, àmọ́ tí ẹ bá yọ OLED lójú ẹsẹ̀ tí ẹ pa á, ẹ ti gba oògùn lẹ́nu rẹ̀. Ẹ fi rìmóòtù pa á, kí ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán, lẹ́yìn náà kí ẹ yọ ọ́ bí ẹ bá fẹ́.

Ọjà tòkúnbọ̀ ni ẹ ti lè pàdé àwọn arúgbó méjì. Plasma, tí wọ́n ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Illinois ní ọdún 1964, ń ṣe òkùnkùn tí ó wu ojú, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ Panasonic dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní ìparí ọdún 2013, ohun èlò rẹ̀ sì ti wọ́n. Ẹ ṣírò iná rẹ̀: èyí tí ń jẹ wáàtì 300, bí a bá ń lò ó ní wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, yóò jẹ kílówáàtì-wákàtí 54 lóṣù, LCD tí ń jẹ wáàtì 50 yóò jẹ 9 péré. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fi í fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, SBEE ni ẹ ó máa san owó rẹ̀ fún. Ti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ, tí Karl Ferdinand Braun ará Jámánì ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀pá rẹ̀ ní ọdún 1897, kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn àgbà á rántí pé èyí tí a rà ní Nàìjíríà máa ń mú àwòrán Benin wá ní dúdú àti funfun, nítorí ètò àwọ̀ tí à ń pè ní PAL ni Nàìjíríà ń lò nígbà náà, SECAM ti àwọn Faransé sì ni àwa ń lò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ka ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ẹ má ka páálí

Páálí lè jẹ́ ti ẹ̀rọ mìíràn. Bébà tí a lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ni kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wò. Ẹ kọ́kọ́ wá ìlà iná. Bí ẹ bá rí 100–240V, ẹ̀rọ náà lè lo fóòtì 220 tiwa; bí ó bá jẹ́ 120V nìkan, láti Amẹ́ríkà ni ó ti wá, yóò sì jóná lọ́jọ́ àkọ́kọ́ bí kò bá sí tíránsífọ́mà. Ẹ̀rọ Amẹ́ríkà kì í tún gba DVB-T2, irú ìgbì tẹlifíṣọ̀n tí a ń lò níhìn-ín. Tòkúnbọ̀ ilẹ̀ Faransé tí ó ti pẹ́ pàápàá lè jẹ́ DVB-T lásán, irú tí ó ṣáájú rẹ̀. Èyí kò burú púpọ̀, nítorí dékódà tí ó ní HDMI yóò yanjú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi owó dékódà kún owó tí ẹ ń ná.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka nọ́ńbà irú ẹ̀rọ náà. Lára Samsung tí a tà ní Yúróòpù, LE ní ìbẹ̀rẹ̀ túmọ̀ sí LCD àtijọ́ tí ó ní ọ̀pá iná lẹ́yìn, UE jẹ́ LCD tí ó ní àtùpà LED, QE jẹ́ QLED tàbí OLED, PS sì jẹ́ plasma. Lára Panasonic àtijọ́, TX-P jẹ́ plasma, TX-L sì jẹ́ LCD. LG máa ń kọ OLED gan-an sí ìbẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà tirẹ̀. Bí òǹtajà bá ń pe LG kan ní OLED tí ọ̀rọ̀ náà kò sì sí nínú nọ́ńbà, kì í ṣe òun. Mo ti rí plasma tí wọ́n ń tà ní LED fún ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ PS àti UE, ooru tí ń jáde lórí rẹ̀ nìkan ni ó kọ́kọ́ fu onítọ̀hún lára, nígbà tí ó ti gbé e délé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ dán an wò níbi tí ẹ ti fẹ́ rà á

Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfìfo. Ẹ kó àwòrán aláwọ̀ kan ṣoṣo sórí clé USB kan: dúdú, funfun, eérú, pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. Ẹ fi fídíò alẹ́ kan, fídíò ọ̀sán kan àti bọ́ọ̀lù díẹ̀ kún un. Ẹ gbà á láyè kí òǹtajà fi fídíò tirẹ̀ hàn yín, nítorí ìbọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ẹ má fi í ṣèdájọ́. Òdòdó àti omi tí ń ṣàn nínú fídíò ìsọ̀ dára lójú tẹlifíṣọ̀n gbogbo.

Kí ẹ tó fi ohunkóhun sí i, ẹ wọ inú mẹ́nù àwòrán, kí ẹ sì mú un kúrò ní Dynamique sí Cinéma tàbí Standard, nítorí Dynamique máa ń fi ìmọ́lẹ̀ àṣejù bo àléébù mọ́lẹ̀. Ẹ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n pa iná ìsọ̀ tàbí kí wọ́n fi aṣọ dí ẹnu ọ̀nà fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹ gbé àwòrán dúdú sí i. Bí ojú náà bá dúdú débi pé ẹ kò mọ̀ bóyá ó wà ní títàn, OLED ni, àyàfi bí ó bá jẹ́ LCD tí ń pa àtùpà ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tí àwòrán bá dúdú. Bí ó bá rí bí eérú, LCD ni. Ẹ wo bóyá eérú náà dọ́gba tàbí ó mọ́ ní igun. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé àwòrán pupa sí i, kí ẹ sì máa rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí pupa bá ṣí kí ẹ tó rìn jìnnà, VA ni. Bí ó bá dúró, IPS ni. Àwòrán funfun àti ti eérú ni yóò fi ọgbẹ́ ìkànnì hàn lára OLED, tàbí àbàwọ́n lára LCD. Àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yòókù ni yóò fi píksẹ́lì tí ó ti kú hàn. Ẹyọ kan ní etí kò dùn mí. Ẹyọ kan ní àárín gbùngbùn yóò máa fa ojú yín títí tí ẹ ó fi tà á.

Nígbà bọ́ọ̀lù, ẹ má tẹ̀ lé ẹni tí ó gbá a, bọ́ọ̀lù gan-an ni kí ẹ máa wò. Ojú 50 tàbí 60 Hz ń yí àwòrán padà ní ìgbà 50 tàbí 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ti 120 Hz sì jẹ́ ìlọ́po méjì 60. Nọ́ńbà ńláńlá bí 800 tàbí 1000 tí a fi orúkọ mìíràn kọ sí páálí kì í ṣe Hz gidi. Bẹ́ẹ̀ náà ni HDR rí. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n lè ka HDR, ìyẹn àwòrán tí ibi tí ó mọ́ jù nínú rẹ̀ jìnnà gan-an sí ibi tí ó dúdú jù, ṣùgbọ́n ojú tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi nit 300 lọ (nit ni a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ ojú tẹlifíṣọ̀n) kò ní agbára láti fi í hàn; OLED àti Mini-LED ni ẹ ti lè rí i bí ó ṣe yẹ.

Bí ó bá jẹ́ tòkúnbọ̀, ẹ fi wákàtí kan kún ìdánwò yìí. Ẹ jẹ́ kí ó gbóná, nítorí ìlà tí kò sí níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún lè yọ lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí ohùn bá wà tí ojú LCD sì ṣókùnkùn, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì tàn án láti ìtòsí. Bí ẹ bá rí àwòrán fírífírí nínú ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì, àtùpà ẹ̀yìn ni ó kú. Ìyẹn ṣeé tún ṣe, iṣẹ́ tí àwa aṣàtúnṣe ń ṣe lójoojúmọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ojú bá ti fọ́ nínú bí òwú aláǹtakùn, ẹ má dá a lé, nítorí owó ojú tuntun máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ẹ̀rọ odindi.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bí ẹ bá gbé e délé

Ẹ fi régulateur, ẹ̀rọ tí ń mú kí agbára iná dúró déédéé, sí i kí ẹ tó fi ohunkóhun sí i. Iná tí ó lọ tí ó sì padà wá pẹ̀lú agbára ni ó ń ba páwà tẹlifíṣọ̀n jẹ́ jù. Bí iná bá lọ, ẹ yọ ọ́, kí ẹ má sì tún un tàn títí iná tí ó padà dé yóò fi dúró. Ní Àjàṣẹ́, ọ̀rinrin ọ̀sà ń wọ inú ilé, nítorí náà ẹ fi àyè bí àtẹ́lẹwọ́ méjì sí àárín tẹlifíṣọ̀n àti ògiri. Ní Kétu àti Ṣábẹ̀, eruku ọyẹ́ ni ọ̀tá. Ẹ fi aṣọ bò ó nígbà tí a kò bá lò ó, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó tutù kí ẹ tó bò ó. Aṣọ rírọ̀ gbígbẹ ni kí ẹ fi nù ún. Ọṣẹ, ọtí àti omi tí a fọ́n sí i tààrà máa ń gba etí ìsàlẹ̀ wọlé, ibẹ̀ gan-an ni wáyà tín-ín-rín ojú rẹ̀ wà.

Lára LCD, ẹ dín Rétroéclairage, ìyẹn agbára àtùpà ẹ̀yìn, kù nínú mẹ́nù. Ohun tí wọ́n gbé dé ọ̀dọ̀ mi pẹ̀lú LED ẹ̀yìn tí ó ti jó, ìwọ̀n 100 ni mo sábà máa ń bá a. Ìwọ̀n 50 tó fún pálọ̀ tí oòrùn kò wọ̀, LED á sì pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ pa iná yàrá, ẹ gbé fídíò alẹ́ yín sí i, kí ẹ sì wá Luminosité nínú mẹ́nù. Ẹ dín in kù títí tí ojú ọ̀run yóò fi dúdú, lẹ́yìn náà kí ẹ máa gbé e sókè ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Níbi tí orí àwọn èrò tí ó dúró lẹ́yìn Èfẹ̀ bá ti ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ kúrò lára òru, ẹ dúró níbẹ̀.